Ẹwìrì Kékeré, Iná Ńlá: Ìdí Tí Àwọn Tó Ń Ṣe Mọ́tò Fi Ń Kọ Ẹ́ńjìnnì Kékeré Onítọ́bò Sílẹ̀

 Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì Bassila, ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ní kí n wá bá sọ̀rọ̀.  Mo rí i pé àwọn ọmọṣẹ́ yín ti wẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ, àmọ́ ọ́ìlì ṣì wà lábẹ́ èékánná wọn. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yẹn ni mo bá wá.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, mo dúró sí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì tó lọ sí Djougou. Ọkọ̀ kékeré kan wà lórí jáàkì níbẹ̀, ọkọ̀ ọkùnrin kan tó ń ra kajú láti abúlé dé abúlé. Ó rà á ní Cotonou, kò tíì pé oṣù mẹ́jọ. Ara ọkọ̀ ń dán, ìjókòó rẹ̀ kò ya, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju lítà kan àti díẹ̀ lọ, ó sì ní tọ́bò. Ọkùnrin náà ní iná pupa ọ́ìlì tàn níwájú òun bí òun ṣe ń gun òkè, òun sì rò pé òun á délé kí òun tó wò ó. Kò délé. Ọ̀gá tú àwo ọ́ìlì sílẹ̀, ó yọ asẹ́ kékeré tí pọ́ńpù fi ń fa ọ́ìlì, ó gbọ̀n ọ́n sórí bébà. Èérún dúdú ló jáde, bí èyí tí rọ́bà ìpàwérẹ́ máa ń fi sílẹ̀ lójú ìwé ọmọ iléèwé. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka kan pa á, ó ní: “Bẹ́líìtì ni. Bẹ́líìtì ló ń jẹ ara rẹ̀, èérún rẹ̀ ló dí ọ̀nà ọ̀fun ọ́ìlì.”

Ọlọ́kọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún oníṣòwò tó tà á fún un. N kò lè dá a lẹ́bi, torí èmi náà ti ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì mọ bó ṣe ń dun ni. Àmọ́ ọwọ́ oníṣòwò kọ́ ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Yàrá àyẹ̀wò kan ní Yúróòpù ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí mọ́tò ti ń sáré lójú kan láìkúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú yín débẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé alágbẹ̀dẹ la ó gbà lọ.

Lápá ìwọ̀ oòrùn wa, ní ilẹ̀ Bassar ní Togo, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi yọ́ irin kí irin òyìnbó tó pa iṣẹ́ náà. Ààrò tí wọ́n ń lò ní Banjeli ga ju ènìyàn lọ. Kò sí ẹni tó ń fẹ́ ẹ. Gíga rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fa atẹ́gùn wọlé láti àwọn ihò ìsàlẹ̀, iná á sì máa jó fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ilé arọ yàtọ̀. Iná ibẹ̀ kò ju kí a fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, ṣùgbọ́n bí ọmọṣẹ́ bá ti ń tẹ ẹwìrì, irin á pọ́n bí ojú oòrùn. Ẹ wá bi alágbẹ̀dẹ léèrè pé kí ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ ní ilé arọ. Kì í ṣe owú, kì í ṣe ẹ̀mú. Ẹnu amọ̀ tí ẹwìrì ń gbà fẹ́ iná ni. Ibi tí iná àti atẹ́gùn ti pàdé, ibẹ̀ ni ìyà ń jẹ jù.

Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò ni ààrò Banjeli. Písítìn á sọ̀kalẹ̀, àyè á ṣí, atẹ́gùn á wọlé fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ agbára púpọ̀ lára rẹ̀, àfi kí ẹ ṣe sìlíńdà ńlá fún un. Peugeot 504 tó ń kó àwọn bàbá wa àti iṣu wọn lọ sí Cotonou, lítà méjì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó lókìkí jù, 1971 cc, síbẹ̀ èyí tó ń lo kábúrétọ̀ nínú wọn kò pé agbára ẹṣin 100. Kò yára. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń lé e, ìdí nìyẹn tí àwọn kan nínú yín fi kọ́ṣẹ́ lórí èyí tó ti dàgbà ju ọjọ́ orí yín lọ.

Tọ́bò ni ẹwìrì. Èéfín gbígbóná tó ń lọ sí sàlẹ́ńsà máa ń yí fáànù kékeré kan. Ọ̀pá kan so fáànù yẹn mọ́ èkejì, èkejì á sì máa ti atẹ́gùn wọ inú sìlíńdà tipátipá. Nínú ẹ́ńjìnnì kékeré, ọ̀pá yẹn lè yí ju ìgbà 200,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ooru èéfín tó ń lù ú sì lè súnmọ́ 1,000 °C. Kò sí bọ́ọ̀lì irin tó gbé e dúró nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló léfòó lé lórí. Ọ́ìlì yẹn ni gbogbo ẹ̀mí rẹ̀.

Kí ló wá mú kí àwọn òyìnbó fi irú iná bẹ́ẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì tó kéré tó bẹ́ẹ̀? Òfin ni. Ní ọdún 2009, Ìṣọ̀kan Yúróòpù pàṣẹ pé tó bá fi máa di 2015, ìpíndọ́gba CO2 tí ọkọ̀ tuntun ń tú síta kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 130 fún kìlómítà kan. Fún 2021, wọ́n ní kó di 95. Ilé-iṣẹ́ tó bá rékọjá rẹ̀ á san owó ìtanràn lórí gbogbo ọkọ̀ tó bá tà lọ́dún náà. Ní ilẹ̀ Faransé, láti 2008 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹni tó bá ra ọkọ̀ tí káríbónì rẹ̀ kéré lówó, tí wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá ra èyí tó pọ̀. Gíráàmù kan péré wá di owó gidi.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn gíráàmù náà nígbà náà? Nínú yàrá ni o, kì í ṣe lójú títì. Wọ́n á gbé táyà ọkọ̀ lé rólà, awakọ̀ á jókòó, á máa tẹ̀ lé ìlà kan tó wà níwájú rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀, kìlómítà bíi 11. Níbì kan nínú ìdánwò náà, ọkọ̀ á kúrò ní ìdúró, á sì gba ìṣẹ́jú àáyá 26 kó tó dé 50 km/h. Ẹ bá mi ka 1 títí dé 26 nínú ikùn yín. Ọ̀kadà zémidjan tó gbé ìyá àgbà kan àti àpò gàrí rẹ̀ á ti kọjá 50 kí ẹ tó ka ìdajì. Nínú ìrìn jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹwìrì ń sùn. Ọkọ̀ onítọ́bò á mu epo bíi ti ẹ́ńjìnnì kékeré tó jẹ́, á sì gba máàkì. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá wá dán an wò lójú títì, ẹwìrì á jí, á fún un ní agbára ẹ́ńjìnnì ńlá. Ìyàwó méjì nínú yàrá kan, kò sì sí èyí tó rí èkejì.

Ìyìn sì pọ̀. Fiat gbé TwinAir jáde ní 2010, sìlíńdà méjì péré, 875 cc, ó sì gba ẹ̀bùn Ẹ́ńjìnnì Ọdún lágbàáyé ní 2011. Ford tẹ̀ lé e pẹ̀lú EcoBoost sìlíńdà mẹ́ta, 999 cc, tí wọ́n ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ju bébà A4 lọ, tí ẹ̀yà rẹ̀ kan sì ní agbára ẹṣin 125. Ẹ fi wé 504. Ó gba ẹ̀bùn náà ní 2012, 2013 àti 2014. N kò sọ pé àwọn onímọ̀ tó ṣe é kò gbọ́n. Iṣẹ́ ọwọ́ tó lẹ́wà ni, bí a bá tú u sílẹ̀ lórí tábìlì, ó wuni láti wò. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè kan, wọ́n sì dá ìbéèrè yẹn lóhùn.

Nígbà tí ọkọ̀ bá dé ojú ọ̀nà, tó kún fún ènìyàn, tó ń gun òkè, ẹwìrì kì í sùn mọ́. Ooru á le débi pé irin fúnra rẹ̀ lè yọ́. Kí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì má bàa jẹ́ kó yọ́, á da epo sí i ju èyí tí atẹ́gùn lè jó lọ, kí àṣẹ́kù epo náà lè tu inú sìlíńdà lára. Ẹ wo nǹkan: epo di omi ìpaná. Ẹ ń san owó rẹ̀, ó ń gba sàlẹ́ńsà jáde láìjó tán. Àjọ ICCT, tó ń ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, rí i pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín epo tí ìwé sọ àti epo tí ọkọ̀ ń mu gan-an ní Yúróòpù jẹ́ nǹkan bí ìpín 9 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2001. Nígbà tó di 2015, ó ti di 42. Tọ́bò nìkan kọ́ ló fà á, ṣùgbọ́n ó kó tirẹ̀ níbẹ̀.

Ohun méjì mìíràn tún wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré onítọ́bò ń fín epo tààrà sínú sìlíńdà, èyí sì ń bí èédú kíkúnná tí ojú kò lè rí, tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Èkejì kan ẹ̀yin awakọ̀: bí ẹ́ńjìnnì kékeré bá ń yí díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹrù wúwo lórí rẹ̀, iná lè tan nínú sìlíńdà kí sípáàkì tó tàn án. Ìró kan ṣoṣo bí òòlù, písítìn ti fọ́. Àṣà wa láti fi jíà kẹrin gun òkè, nítorí pé a fẹ́ fi epo pamọ́, dára fún 504. Fún ẹ́ńjìnnì yìí, ìpànìyàn ni.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, àṣírí Volkswagen tú ní Amẹ́ríkà, pé ó ń fi ọkọ̀ rẹ́ àwọn tó ń dán èéfín wò jẹ. Ọkọ̀ dísù ni, kì í ṣe ti ẹsáǹsì, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni kò ti sí ẹni tó gba ìwé yàrá àyẹ̀wò gbọ́ mọ́. Yúróòpù yí ìdánwò padà. Láti oṣù Kẹsàn-án 2017, ìdánwò inú yàrá gùn sí i, ó sì le sí i, wọ́n sì tún so ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀yìn sàlẹ́ńsà, wọ́n gbé ọkọ̀ jáde sí títì, òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀, kí ẹ̀rọ náà máa wọn èéfín bó ṣe ń lọ. Ẹwìrì jí níwájú olùdánwò.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2016, ìròyìn ti jáde pé Renault, General Motors àti Volkswagen fẹ́ fi díẹ̀ lára àwọn ẹ́ńjìnnì wọn tó kéré jù sílẹ̀. Volkswagen fi lítà 1.5 rọ́pò 1.4. Renault òun pẹ̀lú Daimler ṣe lítà 1.3, 1.2 àtijọ́ sì kógbá sílé. Mazda, tó kọ̀ láti bá wọn lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì lítà méjì tí kò ní tọ́bò, kò ní ohun tó máa padà sẹ́yìn fún. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni Clio tí Renault gbé jáde ní 2020, hybrid tó ní mọ́tò iná nínú: ẹ́ńjìnnì lítà 1.6 ni wọ́n fi sí i, kò sì ní tọ́bò rárá. Ààrò Banjeli padà dé. Mọ́tò iná ló ń ṣe iṣẹ́ tí ẹwìrì ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó ń ti ọkọ̀ nígbà tó bá fẹ́ sáré, láìfi ooru pa ẹnikẹ́ni.

N kò ní tàn yín jẹ: lítà kan onítọ́bò ṣì wà lórí igbá títí di báyìí. Ọ̀rọ̀ owó ló ń pa á díẹ̀díẹ̀. Asẹ́ tó ń gba èédú lẹ́nu sàlẹ́ńsà, tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fín epo, kọ̀ǹpútà, iye kan náà ni wọ́n ń náni, yálà ọkọ̀ ńlá ni tàbí kékeré, èrè orí ọkọ̀ kékeré kò sì tó nǹkan. Ní oṣù Keje 2023, Ford ṣe Fiesta ìkẹyìn. Òfin tuntun, Euro 7, á sì bẹ̀rẹ̀ lórí oríṣi ọkọ̀ tuntun ní oṣù Kọkànlá 2026. Owó tí wọn ì bá tún ná lórí ẹwìrì, bátìrì ni wọ́n ń ná an lé.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí bẹ́líìtì, torí òun ló bá wa délé. Kí ẹ́ńjìnnì lè pa gíráàmù kan tàbí méjì mọ́, Ford, àti Peugeot òun Citroën nínú ẹ́ńjìnnì 1.2 tí wọ́n ń pè ní PureTech, fi bẹ́líìtì táímíìn sínú ọ́ìlì. Bẹ́líìtì tó tutù ń yọ̀ dáadáa, kì í pariwo. Ìwé Ford sọ pé ó lè tó ọdún 10 tàbí kìlómítà 240,000. Ṣùgbọ́n epo tí kò jó tán máa ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ písítìn sínú ọ́ìlì, ọ́ìlì olómi epo á sì máa rọ rọ́bà, á wú, á máa já ní èérún. Èérún á lọ sí asẹ́. Asẹ́ á dí. Ẹ ti mọ ìyókù. Ní 2024, Stellantis, tó ni Peugeot àti Citroën báyìí, fa ìlérí àtúnṣe rẹ̀ gùn dé ọdún 10 tàbí kìlómítà 175,000 lórí bẹ́líìtì tó bá tètè jẹ. Ní 2023 sì ni ẹ̀yà tuntun ẹ́ńjìnnì náà ti dé pẹ̀lú ṣéènì dípò bẹ́líìtì.

Inú mi dùn fún ẹni tó ní tirẹ̀ ní Lyon, tó ní ìwé ìtọ́jú nínú dúróà. Ta ni nínú wa ló gba ìwé ìtọ́jú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ní ọgbà ọkọ̀ Cotonou? Àjọ UNEP kà á pé láti 2015 sí 2018, ọkọ̀ kékeré tòkunbọ̀ mílíọ̀nù 14 ni Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà kó lọ sí ilẹ̀ mìíràn, kò sì sí ilẹ̀ tó gbà tó Áfíríkà nínú wọn. Àwọn ọkọ̀ 2012 dé 2017, àwọn ọmọ ẹ̀bùn wọ̀nyẹn, ló ń gba orí títì Savalou àti Bantè gòkè wá báyìí. Yúróòpù ti fi wọ́n sílẹ̀. Àwa la ń tẹ́wọ́ gbà wọ́n.

Ilé tí wọ́n sì bá níbí kì í ṣe ilé tí wọ́n kọ́ fún wọn. Láti 2009, sọ́fọ̀ inú ẹsáǹsì Yúróòpù kò gbọdọ̀ ju ìpín 10 nínú mílíọ̀nù lọ. Ní 2020, àwọn mínísítà ECOWAS fẹnu kò sí 50, wọ́n sì ní kí ọkọ̀ kékeré tòkunbọ̀ tó ń wọlé má ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, pẹ̀lú ọdún 10 fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láti tẹ̀ lé e. Títì wa kò tíì gbọ́. Kpayo, ẹsáǹsì fàyàwọ́ inú ìgò, ni ọ̀pọ̀ wa ń rà, kò sì sí ẹni tó wọn ohun tó wà nínú ìgò. Ní oṣù Kejì 2022, ní Nàìjíríà níbi tí kpayo ti ń wá, àwọn aláṣẹ kó ẹsáǹsì tí mẹ́táńọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ kúrò lọ́jà, ohun tó ń ba rọ́bà jẹ́ nìyẹn. N kò dá ìyá tó ń ta epo lẹ́bi o. Mo mọ iye ọmọ tí tábìlì ìgò yẹn rán lọ síléèwé ní Manigri, mo sì mọ bí nǹkan ṣe le fún wọn láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò mọ àánú.

Ọ́ìlì náà ńkọ́? EcoBoost ń fẹ́ 5W-20, PureTech ń fẹ́ 0W-30, ọ́ìlì tó ṣàn bí omi, tí wọ́n ṣe kó má jẹ rọ́bà. Ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù wa ni 20W-50, èyí tó gba 504 là. Mo ti rí ọ̀gá tó dà á sí ẹ́ńjìnnì onítọ́bò pẹ̀lú ọkàn rere, torí pé ó rò pé ọ́ìlì tó ki ló lágbára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ má ṣe é mọ́. Bí ọ́ìlì tó yẹ kò bá sí ní Bassila, ẹ ránṣẹ́ sí Cotonou. Owó rẹ̀ pọ̀, ti ẹ́ńjìnnì pọ̀ jù ú lọ. Ẹ má sì gbọ́ ti ìwé tó ní kí ọ́ìlì pẹ́ tó ọdún kan kí a tó yí i. Eruku wa kò sí nínú ìwé yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ra ọkọ̀, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Lórí PureTech, bí ẹ bá ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, bẹ́líìtì wà níbẹ̀, ẹ máa rí i. Ẹ tan iná sí i. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti sán bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, bí etí rẹ̀ bá ń ta fọ́nrán, ẹ má náàwó sí ọkọ̀ náà àyàfi tí owó bẹ́líìtì tuntun bá wà nínú owó tí ẹ gbé dání. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wọn fífẹ̀ rẹ̀ láti inú ihò yẹn kan náà: bẹ́líìtì tó bá ti wú kò ní wọ àárín rẹ̀. Ọmọṣẹ́ tó mọ fáìlì í lò lè gé irú rẹ̀ lára irin pẹlẹbẹ, bí ó bá ti mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀yin awakọ̀, bí ẹ bá ti Djougou dé, tí ẹ ti sáré, ẹ má pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mí fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ọ́ìlì lè tu ọ̀pá tọ́bò lára. Bí ẹ bá pa á lójijì, ọ́ìlì tó dúró síbẹ̀ á jóná di èédú. Ẹ fi àkókò yẹn kí àwọn ará ilé.

Ọ̀gá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ju bẹ́líìtì ọkùnrin oníkajú nù. Ó nù ún, ó fi kọ́ ìṣó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Láàárọ̀ yìí ó rán ọmọṣẹ́ rẹ̀ sí mi pẹ̀lú rẹ̀. Òun ló wà lórí tábìlì yìí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo gbé èyí tuntun sí. Ẹ gbé méjèèjì láti ọwọ́ dé ọwọ́, kí ẹ fi èékánná tẹ ẹ̀yìn wọn, kí ẹ sì gbóòórùn ti àtijọ́ náà. Òórùn ẹsáǹsì ṣì wà lára rẹ̀.